Ọjọ́ tí Màmá Tíṣà Jáde Kúrò ní Kíláàsì

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nípa ìyá mi àgbà kò wọ inú ìwé ètò ìsìnkú. Bùọ̀dá Dáre, àkọ́bí Màmá, ni wọ́n gba bébà náà lọ́wọ́ mi ní pálọ̀ wa ní Ọ̀kà. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Kẹ́mi, òkú la fẹ́ sin, a ò fẹ́ jà. Yọ ọ̀rọ̀ ìjọba kúrò níbẹ̀."

Mo ní, "Bùọ̀dá, tí mo bá yọ ọ́, kí ló máa kù?"

"Kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọdé. Kọ ọ́ pé wọ́n sin ìlú títí dé òpin."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, lábẹ́ fọ́tò tí Màmá ti wé gèlè aláwọ̀ ewé: *wọ́n sin ìlú títí dé òpin*. Irọ́ ni. Ìyá mi àgbà kò sin ẹnikẹ́ni títí dé òpin. Ó ku díẹ̀ kí òpin dé ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde kúrò ní kíláàsì, lójú àlejò, lójú àwọn ọmọ, wọn kò sì wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí a gbé sínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà, ibẹ̀ ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí wọn lórí ìdúró.

Ìdúró ni mo wí, torí wọn kì í jókòó ní kíláàsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọmọge tíṣà ní Àfin títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Ọ̀kà, báàgì ni àga tíṣà wà fún. Bí aago bá ti lù, wọ́n á gbé báàgì dúdú wọn lé àga, wọ́n á da súwẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀, torí òtútù orí òkè Ọ̀kà kò bá ọmọ Ìkàrẹ́ lára mu títí wọ́n fi kú. Wọ́n á wá máa rìn láàrin bẹ́ńṣì bí ẹni tó ń wo ẹ̀fọ́ lóko. Nígbà tí èmi náà gboyè ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tí mo sì gba iṣẹ́ tíṣà, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa kò kọ́ wa pé kí tíṣà máa fi ẹsẹ̀ jìyà. Màmá wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín ń jókòó, àbí? Ẹni tó jókòó kò lè rí ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn."

Wọ́n lè jà o. Ẹni tó bá ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Màmá Tíṣà kò bá wọn dé ọjà Ìkàrẹ́ rí. Fọganáísà kan wà lójú ọ̀nà tó kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára táyà, tí lẹ́tà kan níbẹ̀ kọjú sódì. Màmá ní kí ọkọ̀ tó gbé wa dúró. Wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ní kí ọkùnrin náà mú ọ̀dà wá. Ó ní, "Màmá, ṣé táyà yín ló jò ni?" Wọ́n ní, "Lẹ́tà rẹ ló jò." Awakọ̀ ń fun fèrè, àwọn èrò ń ráhùn, Màmá dúró ti ọkùnrin náà títí ó fi tún un kọ. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, obìnrin kan nínú ọkọ̀ ní ẹ̀hẹ̀n, kí wá ni èrè rẹ̀? Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ mi ń gba ibí kọjá."

Ìjà tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìjà wọn ni tàwọn àti bàbá Mosún. Mosún wà ní kíláàsì kẹta, nígbà tí Màmá tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, bí ẹ ó ṣe gbọ́. Kò yára. Tí àwọn yòókù bá ti kàwé dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, òun á ṣì máa fi ìka wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, fà á lọ́wọ́ wá sílé wa lọ́jọ́ kan.

"Màmá, olódo lèyí. Ẹ jẹ́ n mú un lọ sóko."

Bí inú bá bí Màmá, èdè Ìkàrẹ́ ló máa ń jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ ọ́ sí i lára dáadáa kí wọ́n tó padà sí èyí tí gbogbo wa gbọ́. "Ta ló kọ́ ọ ní ABD?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìgbà tí o dé ọ̀dọ̀ mi, kí lo mọ̀?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ ra orí. "N kò mọ nǹkan kan, mà."

"Ṣé mo pè ọ́ ní olódo?"

"Rárá, mà."

"Kò sí olódo ní kíláàsì mi. Ẹni tó ti dé wà, ẹni tí kò tíì dé náà wà. A ó máa retí rẹ̀ ni."

Mo fẹ́ kí ẹ di gbólóhùn yẹn mú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba ṣẹ̀ wá bó ṣe rí, torí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn kò gbọdọ̀ fi àfojúdá rojọ́. Àwa tíṣà tuntun ṣe ìdánwò. A ṣe intafíù. Wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí wa wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Wọ́n fún wa ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, wọ́n pín wa ká àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Àkókó, láti Ugbè dé Ìṣùà. Mo rí orí ire, mo bọ́ sí Ọ̀kà, nílé-ìwé tí Màmá ti fẹ̀yìn tì, kíláàsì kẹta tí Màmá ti kọ́ rí. A ṣiṣẹ́. Ìjọba yí padà. Èyí tó wọlé ní èyí tó jáde kánjú gbà wá, pé ọ̀nà tí wọ́n gbà gbà wá kò tọ́. Kò sí ẹni tó wá wò wá lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè kan. Bí ọ̀nà kò bá tọ́, ta ló la ọ̀nà náà? Ṣé àwa ni? Àwọn tó là á, wọ́n ṣì wà nílé wọn, wọ́n ń jẹ ìfẹ̀yìntì wọn. Àwa tó gba ọ̀nà náà kọjá ni wọ́n lé.

Orí rédíò ni mo ti gbọ́. Mo wà nílé onídìrí ní Ìkàrẹ́, apá kan orí mi ti dì, apá kejì ṣì tú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe délé, mo fi ìborùn bò ó. Mo rò pé Màmá á gbá mi mọ́ra. Wọ́n ń sun iṣu ní ẹ̀yìnkùlé, wọn kò gbójú sókè.

"Ibo lẹ bá ìṣirò dé?"

"Màmá, wọ́n ti yọ wá níṣẹ́."

"Mo gbọ́. Èmi náà ní rédíò. Mo ní ibo lẹ bá a dé?"

Mo ní ìsọdipúpọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n mi orí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìyá mi àgbà, arúgbó tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, tí wọ́n wọ bàtà, tí wọ́n gbé báàgì dúdú. Mo ní níbo? Wọ́n ní ilé-ìwé. Mo bú sẹ́kún, mo ní wọn kò ní san kọ́bọ̀ fún wọn. Wọ́n di ẹnu ọ̀nà mú, wọ́n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn di òní olónìí.

"Àga tí ènìyàn wà nídìí rẹ̀, wọn kì í gbé e lọ. Mò ń bá ọ ṣọ́ ọ ni."

Kíláàsì kẹta nìkan kọ́ ló ṣófo. Àwọn tíṣà àtijọ́ ń fẹ̀yìn tì, ìjọba kò fi ẹnì kankan rọ́pò wọn. Kíláàsì kìn-ín-ní àti èkejì jọ wà nínú yàrá kan, tíṣà kan ṣoṣo, àwọn kan kọjú síhìn-ín, àwọn kan kọjú sọ́hùn-ún. Hẹdimásítà, Ọ̀gbẹ́ni Jídé, ń kọ́ kíláàsì kẹfà fúnra wọn, wọ́n ń sá jáde lọ gba àlejò, wọ́n ń sá padà. Àwọn náà, akẹ́kọ̀ọ́ Màmá ni wọ́n rí.

Màmá wá ronú ohun tí ọmọ àgbẹ̀ máa ń rò. Oko ni wọ́n ti dàgbà, wọ́n mọ àáró. Gbogbo wa lójúde wa mọ̀ ọ́n: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ lọ kọ ebè lóko tèmi, lọ́la, a lọ sí tìrẹ. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fojú pa á rẹ́. Màmá lọ bá Àlàájà Sìdí ní Ìkàrẹ́, ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ tí àwọn méjèèjì jọ lọ sílé-ìwé àwọn olùkọ́ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tiwọn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ.

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ìbòrí wọn fi yẹ̀. "Ìyá Dáre, orúnkún tí o kò fi lè kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun lo fẹ́ fi gun òkè lọ kọ́ ọmọ?"

"Ìwọ tí o ń fi tìrẹ kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún, jókòó síbẹ̀ kó máa jẹrà."

"Ó dáa. N óò wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá mi kò gbọdọ̀ tútù o."

Bí àáró tíṣà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlàájà á wá bá Màmá ní Ọ̀kà, Màmá á lọ bá Àlàájà nílé-ìwé àdúgbò wọn ní Ìkàrẹ́ tóun náà ṣófo. Àwọn tíṣà mìíràn tó ti fẹ̀yìn tì dara pọ̀, ẹni tí kò lè wá á fi ọmọ rẹ̀ tó gbọ́n ránṣẹ́. Àwọn òbí gbọ́, bàbá Mosún ru iṣu wá, ìyá kan gbé epo wá. Inú ìlú dùn. Mo bi Màmá pé nínú àáró yìí, ìgbà wo ló máa kan oko tiwọn, ta ló sì máa wá kọ ọ́? Wọ́n ní ìjọba ni. Àwọn ń bá ìjọba ro oko rẹ̀ kó má di igbó, tó bá yá, ìjọba á dá tíṣà padà, á dá mi padà. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

"Ènìyàn kankan kò lè jẹ àáró kó má san án. Ojú á tì í."

Àṣìṣe wọn nìyẹn. Ọmọ Àkókó nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀: kí ènìyàn rò pé ìjọba ní ojú tó lè tì í.

A lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní Iwárò-Ọ̀kà, èmi àti Màmá, láti bẹ̀bẹ̀ fún tíṣà. Akọ̀wé tó gbà wá kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ó dìde fún Màmá, ó fún wọn ní àga, ó ní gbogbo wọn ní ọ́fíìsì ló ń sọ̀rọ̀ wọn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká rímú mí. Ilé-ìwé tí kíláàsì ti ṣófo pátápátá là ń wá tíṣà fún báyìí. Tiyín ti kúrò níbẹ̀. Ó ní ènìyàn."

Màmá ní, "Ènìyàn wo?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin náà ni, mà. Ọlọ́run á máa fún yín lókun."

A sọ̀ nínú ọkọ̀. Màmá jókòó sórí àpáta tó wà níwájú ilé wa, wọ́n gbé báàgì sórí ẹsẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

"Kẹ́mi. Èmi tí n kì í jókòó, èmi ni mo jókòó lé àga rẹ."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n kéde pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Hẹdimásítà gba ilé wa wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la yẹn, ẹ wọ aṣọ tó dáa. Ẹ ṣáà dúró níwájú wọn, kí ojú má tì wá."

"Jídé, ta ni ojú fẹ́ tì?"

"Ilé-ìwé wa ni, mà."

"Kí ni ilé-ìwé ṣe? Ilé-ìwé ló lé tíṣà ni?"

"Màmá, tí wọ́n bá bá kíláàsì láìsí ènìyàn, èmi ni wọ́n máa bi."

"Kí wọ́n bi ọ́. Ìgbà tó o bá ti gbàgbé ìdáhùn, mo máa ń dá ọ dúró sí ìdí ògiri ni. O rántí?"

Hẹdimásítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú wọn. Àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́. N kò bínú sí wọn. Ìbínú mi ní ẹni tó ni ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá wọ aṣọ tó dáa. Mo sìn wọ́n dé ibẹ̀ torí ọkàn mi kò balẹ̀, mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà bíi pé kò sí nǹkan. Mosún ń kàwé sókè, ìka rẹ̀ ń wọ́ lọ, ó ń kà á bọ̀, ó kù díẹ̀ kó parí ojú ewé kan lódindi, èyí tí kò ṣe rí. A gbọ́ ìró ọkọ̀. Màmá dúró de Mosún títí ó fi ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì lé tábìlì, wọ́n mú súwẹ́tà, wọ́n mú báàgì kúrò lórí àga, wọ́n sì jáde. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àlejò kọjá, wọ́n kí wọn dáadáa, wọ́n lọ jókòó sórí àpáta lẹ́yìn ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò yọjú sí kíláàsì, ó yọjú sí wa. "Ta ni tíṣà kíláàsì yìí?"

Hẹdimásítà ń wo ilẹ̀. Màmá ló dáhùn láti orí àpáta.

"Kò ní."

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀?"

"Ìyá arúgbó ni mí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí."

Àwọn ọmọ rọ́ wá sójú fèrèsé. Wọ́n rò pé eré ni. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé kì í ṣe eré. "Màmá, ẹ padà! Màmá, a ò ní pariwo mọ́!" Mosún kò pè. Ó kàn gbé ìwé náà sókè, ó fi hàn wọ́n, bíi pé wọn kò rí i pé òun ti kà á tán. Mo ní kí Màmá jẹ́ ká lọ sílé. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

"Tí mo bá sá fún ẹkún wọn, mo ti di ìjọba."

Ẹ má retí pé ó yọrí sí rere. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì, ẹ má sọ pé kò yé yín. Ohun tí ẹ ṣe yé yín. Kò sí tíṣà tó wá. Wọ́n ní kí kíláàsì kẹta kó ẹrù wọ yàrá kíláàsì kẹrin, kí tíṣà kan máa kọ́ méjèèjì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kíláàsì kẹta. Bí wọ́n ṣe wo àìsí tíṣà sàn nìyẹn: wọ́n mú kíláàsì náà kúrò. Ẹ̀yìn ni Mosún bọ́ sí nínú èrò yẹn, níbi tí tíṣà tó wà níwájú kò lè rí i. Kí ọdún tó parí, bàbá rẹ̀ mú un lọ sóko. Ó wá sọ fún Màmá fúnra rẹ̀, kò lè wo ojú wọn.

Àlàájà wá láti Ìkàrẹ́, wọn kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ìyá Dáre, o fi ọmọ sílẹ̀. A kì í torí pé olóko ya ọ̀lẹ ká fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó hù."

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi, tí ariwo ọmọdé sì gba orí òkè wá, Màmá á wọlé, wọ́n á ti fèrèsé. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa. Mo ti rò ó, mo ti tún un rò. Tí wọ́n bá dúró, ìjọba á máa yìn wọ́n títí wọ́n fi kú sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Wọ́n jáde, ìjọba ti kíláàsì. Ìdáhùn méjèèjì ni ìjọba ti ṣe ní àìtọ́ ṣáájú, tó wá ní kí arúgbó mú ọ̀kan.

Màmá ṣàìsàn ní àsìkò ọyẹ́. Mò ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bi mí pé ṣé àwọn ọmọ náà ṣì ń bèèrè àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ mi.

"Tí n kò bá sí mọ́, àánú wọn á ṣe ọ́. Má ṣe lọ fi ọ̀fẹ́ wọ ibẹ̀. Kí ìjọba pè ọ́ bí ènìyàn."

Níbi ìsìnkú, ẹnì kan ṣojú ìjọba. Ó gba máíkìrófóònù, ó ní àpẹẹrẹ rere ni Màmá, pé kí gbogbo tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì fara wé wọn, kí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ìlú. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àlàájà Sìdí, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ ẹnu mọ́ mi létí.

"Kẹ́mi, mo ti wá rí ohun tí ìyá rẹ àgbà rí."

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé kọjá, mò ń lọ wọ ọkọ̀. Oko ni Mosún ti ń bọ̀, ó ru ewé iṣu, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Ó dúró ti ọgbà. Láti ibẹ̀, a rí ilẹ̀kùn kíláàsì kẹta pẹ̀lú àgádágodo lẹ́nu rẹ̀, a sì rí àga tíṣà látojú fèrèsé. Báàgì kò sí lórí rẹ̀. Ó kí mi, ó ní wọ́n ní Màmá ti kú. Mo ní òótọ́ ni. Ó wo yàrá náà títí, ó wá bi mí bóyá tíṣà tiwọn kò ní wá mọ́ ni.

Oyè yunifásítì wà lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà wà lọ́wọ́ Hẹdimásítà, wọn ì bá sì ṣí i fún mi pẹ̀lú ayọ̀. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà, ìka tó fi ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ebè ti sọ ọ́ di líle. Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu, kì í ṣe tèmi.

Mo ní, "Kò tíì dé ni, Mosún."

Ó ní, "Ṣé ká máa retí rẹ̀?"